Òkun Inú Yàrá

Radovan kú ní oṣù kẹwàá, ó fi òkun kan sílẹ̀ fún mi:
òkun onígíláàsì, gígùn rẹ̀ kò tó ibùsùn ọmọdé,
nínú fúláàtì wa ní Brno, àjà kẹrin,
ní orílẹ̀-èdè tí ìgbì kankan kò fẹnu kan etí rẹ̀ rí.

Ogójì ọdún ló fi wa tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro.
Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló rí òkun láyé rẹ̀,
síbẹ̀ ó ń po òkun nínú korobá:
iyọ̀ inú àpò, omi tí a ti sẹ́, ọ̀pá ìwọ̀n,
a sì máa tọ́ ọ wò lórí ìka bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Zdislava," ó wí fún mi ní ilé ìwòsàn,
"ìwọ̀nba ni kí o máa fún wọn. Ìwọ̀n èékánná kan.
Ẹja kì í sọ pé òun yó."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ bí ilé ṣe ń rí
lẹ́yìn tí àwọn olùbánikẹ́dùn bá ti kó àwo kéèkì wọn lọ?
Ẹja mẹ́ta nìkan ló ń sáré pàdé mi.
Mo fún wọn jẹ láàárọ̀, mo fún wọn jẹ lọ́sàn-án,
mo jí lóru, mo tún fún wọn.
Ṣé ẹja ni mò ń bọ́, àbí ẹni tí kò lè jẹun mọ́?

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.
Lákọ̀ọ́kọ́, eruku pupa rúsúrúsú lórí yanrìn.
Mo ní ìdọ̀tí lásán ni.
Lẹ́yìn náà ni irun hù lórí òkúta,
irun tútù, aláwọ̀ ewé,
ó bo iyùn tí Radovan fi owó ìfẹ̀yìntì rà,
ó bò ó bí igbó ṣe ń bo ahoro.
Okùn rẹ̀ ń gùn nínú òkun, okun mi ń tán.
Mo fà á tu lọ́jọ́ Ajé; nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú,
ó ti padà, ó mú ẹbí rẹ̀ dání.
Ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ń yọ̀ mí.

Otakar, ọkùnrin àjà kejì, gun àtẹ̀gùn wá,
ìgbín kéékèèké mẹ́sàn-án nínú ìgò jáàmù.
Ó kúnlẹ̀, ó wo inú gíláàsì títí.
Kò bá mi wí. Ó kàn gba agolo oúnjẹ lọ́wọ́ mi,
ó sọ ọ́ sínú àpò kóòtù rẹ̀.
"Ewé yìí kọ́ ni àìsàn," ó ní.
"Àánú ló pọ̀ jù nínú omi."

Mo pààrọ̀ omi, korobá kan, korobá méjì,
egungun ẹ̀yìn mi ń ké bíi bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀.
Fún ihò àpáta tí ìka kò lè wọ, mo nílò búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.
Tirẹ̀ ṣì wà nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi,
irun rẹ̀ ti tẹ̀ sápá ọ̀tún, bó ṣe máa ń lò ó.
Mo dúró pẹ́ ní balùwẹ̀.
Mo mú un.

Lẹ́yìn náà, òkùnkùn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko:
mo pa iná, mo fi kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ bo òkun mọ́lẹ̀,
kóòtù tó ṣì ń rùn irin àti tábà.
Mo ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí òkú sùn sílé rẹ̀,
mi ò tan rédíò.
Yìnyín ń bọ́ lóde. Pọ́ńpù ń mí lábẹ́ aṣọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo ṣí i.
Irun náà ti funfun, ó ń já fúnra rẹ̀
bíi tèmi nínú ìyarun.
Ẹja méjì jáde wá. Mo dúró de ìkẹta;
tíráàmù mẹ́rin kọjá nísàlẹ̀
kó tó yọ imú nínú ihò àpáta,
ebi ń pa á, inú ń bí i.

Mo fún un ní ìwọ̀n èékánná kan.
Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún wò mí.
Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Ìdì kékeré kan ṣì kù lẹ́yìn pọ́ńpù, níbi tí apá mi kò dé.
Otakar ní yóò tún hù, pé kò sí òkun tí kò ní in.
Ìgbín kan ti ń lọ síbẹ̀ láti àná.
Kò tíì dé.