Bàbà Ń Mí

Ní Saratov, òru kẹta rèé tí iná ò kú nínú ààrò.
Glafira jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, ó we ṣáálì mọ́rùn,
ó tẹjú mọ́ ọwọ́ aago kan tí kì í ka wákàtí:
èémí ló ń kà.

Bàbà tí wọ́n fi ásíìdì wẹ̀, tó mọ́ tónítóní,
ẹ wò ó, ó ṣì ń tú gáàsì jáde,
èyí tó gbé mì láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ́ ọ.
Inú jìn.

Inú rédà ni yóò gbé.
Bó bá pa díẹ̀ mọ́ra,
lọ́jọ́ tí iná ńlá bá dé, mànàmáná á kọ nínú òfìfo,
iṣẹ́ oṣù mẹ́ta á di èédú.

Bàbà ni mo ń wí o, n kò wí bàbá.
Àmọ́ bàbá Glafira náà, Yefim ayọ́rin,
ti ẹ̀wọ̀n dé, ó jókòó ti sítóòfù fún ogún ọdún,
kò sọ nǹkan kan.
Ta ló fi òru mẹ́ta mú un gbóná díẹ̀díẹ̀?

Ọwọ́ aago sún. Ó tún sún padà.
Glafira da tíì tó ti tutù nù,
ó bu òmíràn.