Awò Àlòkù

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni Sàlàkọ́ kọ́kọ́ pè é.
Mo ná an títí ó fi já a sí méjìlélọ́gbọ̀n,
lábẹ́ agboòrùn kan ní Ọ̀tìgbà, n'Íkẹjà,
níbi tí wọ́n ti ń ta ohun tí ojú ẹlòmíì ti fi ríran rí.
Ike ni gbogbo ara rẹ̀, irin kò pọ̀ níbẹ̀.
Bí mo bá dorí rẹ̀ kodò, ọrùn rẹ̀ á yọ jáde fúnra rẹ̀,
díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín tó gbọ́ pé òjò ti dé.
Sàlàkọ́ ní, "Má wulẹ̀ lò ó lálẹ́. Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀."
Òótọ́ ló sọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á máa ṣe bí ẹni tó mutí yó,
gbogbo ẹni tí mo bá yà, èéfín ni.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án gangan, ẹ gbà mí gbọ́,
mo dúró létí omi ní Èbúté Ìlàjẹ,
mo yí ọrùn rẹ̀ dé orí ọ̀ọ́dúnrún,
afárá gígùn orí ọ̀sà sì rìn wá bá mi.
Mo rí apẹja kan tí kò mọ̀ pé mo wà láyé,
ó ń fi eyín já okùn àwọ̀n.
Mo rí ibi tí bọ́tìnì ti já lára ẹ̀wù rẹ̀.
Ó ń húkọ́, n ò gbọ́ ọ,
àyà rẹ̀ nìkan ni mo ń rí tó ń fò sókè.
Ojú tì mí díẹ̀. Mo yà á síbẹ̀síbẹ̀.

Súìṣì kékeré kan wà ní ìhà awò náà, wọ́n ya òdòdó sí i.
Bí mo bá tì í síwájú, ohun tó ń wo òkèèrè
á wá máa ka ẹsẹ̀ èèrà.
Ìyẹn ni mo gbé dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta,
níbi tó ti ń tún aago ṣe
láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti ń wá béèrè àkókò lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo fẹ́ ya kẹ̀kẹ́ inú aago kan, èyí tó kéré jù.
Mo sún mọ́ ọn, awò kọ̀.
Mo tún sún mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ tún ṣe bàìbàì.
Àṣé ẹ̀yìn ló ní kí n sún sí,
bíi mítà kan, kó tó lè rí ohun tó wà nítòsí.
Ṣọ́ọ̀bù náà ò sì ju apá nínà lọ.
Mo fẹ̀yìn rìn, mo fẹ̀yìn jáde lẹ́nu ọ̀nà,
ẹsẹ̀ mi ọ̀tún bọ́ sínú gọ́tà.
"Ṣé ara mi ń rùn ni, Ìbídùn, tó o fi ń sá?"
Ó gbójú sókè bó ṣe sọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Kẹ̀kẹ́ aago kò hàn nínú fọ́tò yẹn.
Ojú òsì Bàbá ló hàn, pẹ̀lú irun ìpéǹpéjú lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan,
àti nínú ẹyinjú, níbi tó yẹ kó dúdú,
nǹkan kan jókòó, ó rí bí omi orí ògì.
Àná la jọ bu ẹ̀bà nínú abọ́ kan náà.
N ò rí i.

Mo fi hàn án. Ó gbé kámẹ́rà sún mọ́ imú,
ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́,
bó ti máa ń ṣe sí aago tó bá yadi.
"Ó ti lé lọ́dún méjì," ló wí. "Ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é.
Ìka mi mọ gbogbo wọn lórúkọ."
Lẹ́yìn náà ó bi mí pé èló ni mo ra awò náà.
Mo ní ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n.
Ó ní wọ́n rẹ́ mi jẹ.