Síbí Ìyá Mi

Síbí tí Ìyá fi ń bu iyọ̀ kí wọ́n tó bí mi,
síbí onírin, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì,
òun ni Ìbídàpọ̀ mú nídìí ààrò
lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ìfọ́fìn, òjò ṣú, kò rọ̀.
"Mo fẹ́ yá a ni," ló wí.
Kò dá a padà bó ṣe gbà á.

Láti Igun ló ti ru òkúta wálé,
àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀kadà,
òkúta funfun tí iṣan pupa là kọjá bí ẹsẹ̀ arúgbó.
Ó gún un nínú odó irin, gbì, gbì,
títí àwọn aládùúgbò fi bi wá
irú iyán wo là ń gún lóru tí a kò bù fún wọn.
Eruku rẹ̀ bà lé ìrẹsì, ó bà lé Bíbélì,
ó há Tanímọlá ọmọ rẹ̀ lọ́fun, ọmọ ọdún mẹ́rin,
ó wúkọ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ó yọ ìgò oògùn ojú lápò:
"Wá wo ohun tó ń jẹ́ mẹ́kúrì."
Mo wò ó. Omi ni, kì í ṣe omi.
Ó wúwo bí ọ̀rọ̀ tí àgbà gbé mì.
Ẹ̀kán kan já bọ́, ó fọ́ sí ogún,
wọ́n ń sá kiri ilẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lágbo.
Tanímọlá ń fi ìka lé wọn.
Adìyẹ wa kan ṣa méjì jẹ.
Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run gbọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó fi ọwọ́ lásán pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tútù
bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà fún àlejò.
Mẹ́kúrì ń ṣa wúrà, ó ń fi iyanrìn sílẹ̀;
ó mọ ẹni tó ń wá láàárín èrò.
Ó fi àkísà aṣọ ilé-ìwé mi fún un,
ó ku kóró kan, funfun, kò tó kóró àgbálùmọ̀.
Ìgbà yẹn ló gbé e sórí síbí Ìyá,
ó gbé síbí sórí ẹyín iná,
ó ti fèrèsé nítorí ọlọ́pàá.

Èéfín náà kò dúdú. Kò rùn.
Ohun tí kò rùn ni kò jẹ́ ká sá.
Ó gòkè, ó kan páànù, ó padà wá jókòó láàárín wa
bí ẹbí tí a kò pè.
Ohun funfun náà ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀.
Ìbídàpọ̀ pariwo orúkọ Bàbá wa tó ti kú.
Wúrà ọ̀hún kò ju orí ìṣáná lọ.

Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.
Ẹnu àáké kọ́ ló ṣe é.

Bàbá ńlá wa ṣe òṣómàáló dé ẹ̀yìn Ìlọrin,
ó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè,
kò jẹ, kò mu, kò dìde títí owó fi pé.
Ẹ̀rín la máa ń fi í rín nílé.
Mo ti mọ ẹni tó lóṣòó sọ́rùn ọwọ́ àbúrò mi báyìí:
kò lè gbé ife tíì kó má dà á sáyà,
eyín rẹ̀ ń mì, ó ní gbogbo oúnjẹ dà bíi kọ́bọ̀ àtijọ́ lẹ́nu òun.
Lánàá, ó fi orúkọ Ìyá pè mí lẹ́ẹ̀mejì,
ó bínú nígbà tí mo jẹ́, ó bínú nígbà tí n kò jẹ́.
Dókítà obìnrin kan ní Wẹ́sílì bi í pé:
"Kí lẹ ń sun nílé?"
Ó ní, "Àgbàdo."

Tanímọlá ti pé ọdún méje, kò tíì kọjá lẹ́tà D.
Olùkọ́ ní ọmọ náà ya ọ̀lẹ. N kò fèsì.

Síbí wà lọ́wọ́ mi. N kò lè fi bu iyọ̀,
n kò lè jù ú sódò, àwọn kan ń pọnmi nísàlẹ̀.
Mo fi ọ̀rá wé e, mo gbé e sájà.
Bí mo bá dé ọjà Atákúnmọ̀sà, etí àwọn obìnrin ni mò ń wò,
mò ń wá orí ìṣáná yẹn.