Ohun Tí Wytske Kọ Sínú Ìwé

Ní Friesland, ilẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ,
odi amọ̀ ló ń bẹ omi pé kó má wọlé.
Ibẹ̀ ni gúrútò ń balẹ̀ sí lóṣù kẹta,
ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ, ẹlẹ́nu bí abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àpò,
tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀,
gúrútò, gúrútò, títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Kò kọ́lé sórí igi. Igi wo ló wà níbẹ̀?
Ó tẹ koríko mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní,
ó yé ẹyin mẹ́rin, ó fa ewé borí. Ó tán.
Ààbò rẹ̀ kò ju pé kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Èmi Jelmer ni mo ń wa ẹ̀rọ tó ń gé koríko.
Ẹ̀rọ mi kò rí i lóòótọ́.

Ọgọ́rin màlúù ń retí mi ní ibùjẹ,
gbèsè báńkì kì í dúró de ẹyẹ.
Wytske aládùúgbò mi, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé kan,
ló ń fi ọ̀pá gígùn fo kòtò omi wá
láti ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan:
"Jelmer, yà fún wọn."
Mo sì ń yà. Koríko tí mo fi sílẹ̀ dà bí irun
tí onígbàjámọ̀ gbàgbé sórí ọmọdé.
Mo ní mo ti ṣe tèmi. Ṣebí iye wọn kò dín?

"Wo òrùka ẹsẹ̀ yẹn," ni Wytske wí,
"yẹ́lò lókè, pupa nísàlẹ̀.
Ọwọ́ mi ló fi sí i, ọdún kẹrìnlá rèé.
Ó ń lọ sóko ìrẹsì ní Senegal, ó ń bọ̀.
Ẹyin mẹ́rin-mẹ́rin lọ́dọọdún. Ṣírò rẹ̀.
Mélòó ló fò?"
N kò mọ̀. Ó ṣí ìwé kékeré aláwọ̀ ewé.
Méjì.

"Àwọn àgbà kan náà lò ń kà, Jelmer.
Ilé tí àgbà kún, tí ẹnìkan ò sunkún ọmú,
ó ń dahoro lọ ni, ojú ò tíì rí i.
Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ti ẹyẹ, ẹni ọmọ fò fún."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ nínú wọn, kannakánná kó nínú wọn,
ṣùgbọ́n ebi ló pa èyí tó pọ̀ jù.
Ọjọ́ tí ọmọ gúrútò bá pa ló ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀,
koríko mi sì ki bí irun àgùntàn,
kò sí òdòdó, kò sí kòkòrò.
Igi Wytske kò lè bọ́ ọmọ.

Mo fi pápá ẹ̀bá odi sílẹ̀ láìgé di àárín oṣù kẹfà.
Hiske ìyàwó mi ka owó oúnjẹ màlúù sí mi létí
lówùúrọ̀, lálẹ́, àti lórí ibùsùn.
Òdòdó yẹ́lò yọ, eṣinṣin dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, orúnkún Wytske kọ̀ fún un.
Mo gba ọ̀pá, mo fò. Àárín kòtò ni mo balẹ̀ sí.
Inú omi dé ìbàdí ni mo wà
nígbà tí ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ ò tíì gùn
gbéra lókè orí mi,
ó ń fò bí ẹni tí kò dá lójú.

Mo na ìka kan sókè.
Wytske fi itọ́ kan ẹnu pẹ́ńsù, ó kọ ọ́.
"Dúró sómi ná," ó ní,
"bóyá èkejì ń bọ̀."