Kí Ló Ń Lé Ọ?

Aago mẹ́fà àárọ̀, pápá ilé-ìwé ní Ọ̀rọ̀-Àgọ́,
ọyẹ́ ti sọ ètè gbogbo wa di èèpo igi.
Wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ́ nọ́ńbà mọ́ mi láyà.
Bàtà òkìrìkà ni mo wọ̀, tòsì fẹ̀ ju tọ̀tún lọ díẹ̀;
ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lókè òkun lọ́hùn-ún,
ó ní láti jẹ́ pé ó ń tiro.
Súbérù ará Ìlọrin dúró níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti lékeléke.
Wọ́n fọn fèrè.
A ò rí i mọ́.

Òkè kìíní, mo fi ẹ̀rín gùn ún.
Òkè kejì, mo dákẹ́.
Ẹ̀kẹta, ọwọ́ àti orúnkún ni mo fi gùn ún bí ọmọ ọdún kan,
àpáta gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi bí agbada ẹ̀pà,
àwọn ọ̀bọ jókòó sórí igi, wọ́n ń wò mí
bí àgbà ṣe ń wo ẹni tó ná owó oṣù tán lọ́jọ́ kan.
Kò kúkú sí ẹni tó rán mi níṣẹ́.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo san kí wọ́n tó gbà kí n jìyà.

Ní kìlómítà kọkànlélọ́gbọ̀n, ọ̀nà pínyà.
Rìbọ́ọ̀nù pupa tí wọ́n so mọ́ igi kò sí mọ́;
ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ ni, àbí ọmọdé kan ti fi di irun, n kò mọ̀.
Iṣan itan mi fà, ó le gbagidi.
Lábẹ́ igi kajú kan
ìyá àgbà jókòó sórí ìdì igi ìdáná, àdá lórí itan.

"Kí ló ń lé ọ?"
"Kò sí nǹkan, Ìyá. Eré ìje ni."
"Àwọn ará iwájú ńkọ́?"
"Wọ́n ti lọ tipẹ́."
"Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ?"
"N kò rò pé ó wà."
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Ènìyàn kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún, ọmọ mi.
O ò lé ẹnìkan, ẹnìkan ò lé ọ,
ẹ̀gún sì ń gún ọ."

N kò sọ fún un nípa lẹ́tà náà:
ọdún méjìlélógún nídìí ìwé ìṣirò ní òpópónà Táíwò,
ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n fi dá a dúró,
wọ́n tún ṣi orúkọ mi kọ.
Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fẹsẹ̀ rìn dé Tankẹ,
mo dé ẹnu ọ̀nà ilé mi, n kò lè wọlé.
Mo kọjá. Mo ń lọ.
Bóyá láti ìgbà náà ni n kò tíì dúró.

Ìyá gbé àdá sókè, ó nà án sí òsì,
sí èyí tó ga jù nínú òkè méjèèjì.
"Ibẹ̀ ni."
Ìgbómìnà ni wá; wọ́n ní ògbó ló mọ̀nà fún àwọn baba ńlá wa.
N kò bá a jiyàn.
Ó fún mi ní ọsàn kan tí kò bó,
mo fi eyín já a, mo jẹ ẹ́ tèèpo tèèpo,
mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Wákàtí méje ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.
Wọ́n ti ń tú kánópì.
Ọmọkùnrin tó di aago mú ti sùn lórí àga.
Súbérù ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó ń wá ọkọ̀ Ìlọrin.
Mo tẹ okùn ìparí tó ti já sílẹ̀,
mo rìn kọjá rẹ̀ díẹ̀, títí dé ìdí ògiri kíláàsì,
mo wá jókòó.
Òórùn ọsàn ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Bàtà òsì kò fẹ́ bọ́.
Ó ti bá mi mu wàyí: ẹsẹ̀ mi ti wú.