Ó Sọ Mí, Kò Sọ Ìdí

Mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán ní Dọ́nkásítà,
ìrì dídì ti sọ koríko ẹ̀yìnkùlé di irun arúgbó.
Mo ṣí ilé pákó, mo nawọ́ wọlé,
Métírọ̀ọ̀nù fi àgógó sọ mí
lọ́rùn ọwọ́, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́.
Ó sọ mí, kò sọ ìdí.

N kò rà á lọ́jà.
Oko ẹlẹ́yin kan lápá Tọ́ọ̀nì ló fẹ́ kó àgbà adìẹ dànù,
pọ́n-ùn méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí oníyọ̀ọ́nú wá mú.
Mo mú mẹ́ta. Méjì kú kí oṣù tó lé.
Èyí tó kù, ìhòòhò lọ́rùn ẹ̀ wà;
wọ́n ti fi irin gbígbóná gé ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ láti kékeré.
Kò mọ ilẹ̀ rí.
Ọjọ́ tí mo gbé e lé koríko, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè,
ó dúró bẹ́ẹ̀,
bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó jókòó.

Ìrìn ẹ̀ ló bí orúkọ ẹ̀: àyà síwájú, ojú lọ́tùn-ún lósì,
bí obìnrin tó kọ́ wa ní bẹ́ẹ̀dì títẹ́
nílé ìwòsàn Ìlá lọ́jọ́sí.

Bẹ́rìlì yọrí lókè ọgbà, sìgá lẹ́nu:
“Ìkòkò loògùn ẹ̀, olùfẹ́.”
Fadérẹ̀ra, àbúrò mi, pariwo lórí fóònù:
“Adìẹ ń sọ ọ́, o wá ń bi mí? Ṣé ata wọ́n lọ́dọ̀ yín ni?”
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Àmọ́ ẹni tí mo ti jẹ ẹyin ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá,
ọwọ́ wo ni màá fi tu ìyẹ́ ẹ̀?

Mo wọ ìbọ̀wọ́, ó wá ìgúnpá.
Mo wọ bàtà òjò, ó wá orúnkún.
Mo fi garawa dára, ó gun garawa.
Mo kígbe mọ́ ọn, ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan,
bí ọmọ báǹkì tí ohùn mi ò yé.

Níbi iṣẹ́, yàrá kẹsàn-án, Mísítà Ọ́gídìn
tó wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún,
tí kò dá ọmọ ẹ̀ mọ̀ mọ́,
ya ọwọ́ ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ náà fò sẹ́yìn.
Mo ní: “Má fa ọwọ́ sẹ́yìn.
Ọwọ́ tó bá sá ló máa ń lé.
Dúró, jẹ́ kó rí i pé ọwọ́ lásán ni.”
Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lẹ́nu mi
tó fi yí padà, tó ń wò mí.

Láàárọ̀, ó sọ mí. N kò gbọn.
Ó dùn mí o, ẹ má jẹ́ n purọ́.
Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́,
ó wólẹ̀. Mo kà dé ogún.
Mo wá há a sábíyá, a rìn yí ẹ̀yìnkùlé po,
bí ẹni ń bẹ ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn,
a kọjá ebè rúbáàbù Bẹ́rìlì,
reluwé àárọ̀ ń lọ sí Họ́ọ̀lù.
Lábẹ́ ìyẹ́ tó ń hù, ọkàn ẹ̀ ń sáré bíi máṣíìnì ìránṣọ,
ó ń sáré,
ó rọra ń rìn.
Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ gòkè, ó pàdé tòkè.

Kò tíì fi í sílẹ̀ o.
Lánàá ó tún sọ mí, ẹ̀ẹ̀kan, wẹ́rẹ́,
bí ẹni tó kanlẹ̀kùn wò bóyá onílé ṣì wà.
Mo ní mo wà.
Mo bu àgbàdo.