Sálúbàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Ọmọ Ráfátù ló sáré tẹ̀lé mi láti Òkè-Fìà,
sálúbàtà lọ́wọ́: "Bàbá, ẹ ti jù ú sílẹ̀ lẹ́nu gọ́tà."
Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi wà níhòòhò,
eruku ti bò ó dé ọrùn,
n kò sì mọ̀.

Ẹsẹ̀ yìí kan náà,
tó máa ń mọ̀ pé rélùwéè ti kúrò ní Ẹdẹ
kí etí tó gbọ́ fèrè!
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin,
àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń sọ fún mi
kí n tó gbé àsíá.

Lóru, ó ń jó bí ẹni tẹ iná.
Mopélọ́lá ní àgbà ló dé.
Wàhábù oníkẹ́míìsì ka oògùn pupa méje sínú bébà.
Ẹnì kan ní kí n ronú ẹni tí mo ṣẹ̀.
Mo ronú. Wọ́n pọ̀ díẹ̀.

Ní Asùbíàró, dókítà obìnrin kan, ọmọdé lójú mi,
kò kọ oògùn. Ìbéèrè ló ń bi:
kí lẹ ń mu? Láti ìgbà wo?
Ó ní kí n dijú. Ó fi òwú kàn mí, ó fi abẹ́rẹ́ kàn mí,
mo dáhùn níbi tí kò fọwọ́ kàn.
Ó wá lu irin oníka méjì kan,
ó gbé e lé kókósẹ̀ mi: "Ṣé ó ń gbọ̀n?"
Mo ní ó dákẹ́.
Ó gbé e sí eegun àyà mi.
Áà! Rélùwéè ń bọ̀!

Ṣúgà mi dára. Gbogbo ilé yọ̀.
Dókítà kò yọ̀. Ó ní, "Ohun tí kì í ṣe la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ yẹn."
Ó yẹ kíndìnrín wò, ó yẹ ẹ̀dọ̀ wò,
ó bèèrè èyí tí a kì í bèèrè lọ́wọ́ àgbà, mo dáhùn.
Igò ẹ̀jẹ̀ kan wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Fítámì kan, Bíì Méjìlá,
ló gbẹ nínú mi bí kànga ọ̀gbẹlẹ̀.
Ó tọ́ka sí oògùn ọgbẹ́ inú
tí mo ti ń dá rà mu láti ọdún mẹ́jọ.
"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun." Kò búra.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta, mo lọ sí tésàn àtijọ́.
Koríko ti bo irin.
Mo bọ́ sálúbàtà, fúnra mi lọ́tẹ̀ yìí,
mo tẹ irin náà.
Ó tutù.
Mo tún un tẹ̀,
kí n má baà máa tan ara mi jẹ.